Ọ̀rá tí Ó Ti Òkè Òkun Dé

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ata ní Èrúwà, mo ń já ìdí ata rodo láti inú abọ́ kan sí òmíràn, nígbà tí mo gbọ́ ẹjọ́ ìyá méjì tó wà níwájú mi. Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, níbi tó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Èkejì ń gbọn ọ̀rá aláwọ̀ ewé kan.

"Oṣù mẹ́fà ni mo fi bá ọ fún adìẹ lóúnjẹ, ọ̀rá lo gbé bọ̀ fún mi?"

"Ọ̀rẹ́ mi, rírà ni wọ́n ń rà á níbẹ̀! Ẹyọ kan lèèyàn ń gbé lọ ọjà títí, torí kì í jẹrà. Lọ́jọ́ tí mo ju ọ̀kan sí ààtàn, ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní omi á gbé e lọ, inú ẹja òkun ló máa bọ́ sí gbẹ̀yìn."

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀bùn tí kì í jẹrà! Léèsì tí mò ń retí ńkọ́?"

"Léèsì á gbó. Èyí, ọmọ-ọmọ rẹ ló máa jogún rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú.

Nígbà tí ata ìyá kejì kúnná, kò mú abọ́ wá, ọ̀rá dúdú ẹlẹ́rọ sì ti tán. Ẹlẹ́rọ nawọ́ sí ọ̀rá aláwọ̀ ewé náà. Ìyá yìí yára ká a mọ́ àyà, ó yíjú sí mi:

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ yá mi ní abọ́ yín kan. Wọn ò ní da ata sínú ogún ọmọ-ọmọ mi!"