Èmi Nìkan Ni Kúrúnà Kò Mú Nínú Ilé Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Ìlàrè ló mọ̀ mí sí aláwàdà. Bí wọ́n bá rí i pé èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò ti máa wá ibi tí mo fi ẹ̀tàn pamọ́ sí kí wọ́n tó kà á tán. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ lónìí. Mo ti lé lógójì ọdún, mo kàwé mi jáde ní Poli, mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀nà àti afárá ní ìjọba ìbílẹ̀, mo láya, mo bí ọmọ mẹ́ta. Síbẹ̀, láti bí oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi ń bá mi sọ kò ju "Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì" lọ. Ohun tó sì dá èyí sílẹ̀ kò ju kúrúnà lọ. Ẹ gbọ́ mi yé o: kúrúnà tí kò mú mi! Gbogbo ilé mi ló mú, ó fi èmi nìkan sílẹ̀, mo sì jowú. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan jókòó, ó ń jowú àwọn tó ń họra?

Nígbà tí ìyàwó mi bí àbíkẹ́yìn wa, Àjọkẹ́, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹdẹ láti bá wa wẹ ọmọ, bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe. Màmá Ẹdẹ ni àwọn ọmọ ń pè é. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí rẹ̀ kúrò nínú takisí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí Màmá kú àbọ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan la ní. Màmá wo inú yàrá wa, ó fi ọwọ́ tẹ fóòmù wò, ó ní, "Bàbá Bọ̀dé, ẹ ẹ́ bá wa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ o. Abiyamọ kì í dá sùn." Ta ni yóò bá àna rẹ̀ jiyàn? Mo gbé ìrọ̀rí mi, mo bọ́ sí pálọ̀. Mo rò pé títí ọmọ yóò fi pé ogójì ọjọ́ ni. Ọmọ pé ogójì ọjọ́. Ọmọ jókòó. Ọmọ rá. Ọmọ ń di àga mú dìde, èmi ṣì wà lórí àga gígùn tí ẹsẹ̀ mi kò bá mu, tí mo ń fi ẹ̀wù mi bo orúnkún.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n Bọ̀dé àti Fúnmi, àwọn ọmọ wa àgbà, náà kó kúrò ní yàrá tiwọn, wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá, nítorí àlọ́ àti orin, ẹrù Màmá àti ti ọmọ ló sì kún yàrá tí wọ́n fi sílẹ̀. Gbogbo wọn wá wà lójú kan bí ẹja nínú agbọ̀n. Èmi á wà ní pálọ̀ pẹ̀lú rédíò, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kí Màmá tó dé, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyàwó mi á gbé orí mi lé itan, á máa wá ewú fà níbẹ̀, á máa ròyìn ohun tí àwọn ọmọ ṣe. Ní báyìí, orí Màmá ló wà lórí itan yẹn. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ kú ìtura o." Wọ́n dá mi lóhùn pọ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Owú! Ẹni tó bá sọ pé obìnrin nìkan ló ń jowú, kó wá sùn ní pálọ̀ mi.

N kò lè sọ ọ́ jáde, ẹ̀bi ẹnu mi sì ni. Mo máa ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, ojú mi á gún régé bí ojú ìwé òfin. Èmi ni mo sọ fún onílé wa pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lórí òjìji ilé. Bàbá náà dúró de ọ̀sán gangan kó tó wọn tirẹ̀, kó má baà gùn. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó wá ń bi mí bóyá òjìji ṣáláńgá wà nínú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Àárò rẹ ń sọ mí nínú ilé kan náà," kí lẹ rò pé yóò sọ? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe ìyá rẹ̀ kó wá gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí kúrúnà fi dé. Àárín ìka Fúnmi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé ìbàdí Bọ̀dé, ó dé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, ó dé ọrùn ọwọ́ ìyàwó mi àti abẹ́ ọyàn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ara wọn á máa yún wọn. Wọ́n á tò síbẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa họ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú. "Sókè díẹ̀, Màmá! Ọ̀tún! Ibẹ̀ yẹn!" Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo ń rò nígbà tí mo bá gbọ́ "ibẹ̀ yẹn."

Mo kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó wo ìyàwó mi, ó wá yíjú sí mi: "Dádì ńkọ́?" Ìyàwó mi ní, "Ara tiwọn ò yún o. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn." Nọ́ọ̀sì wò mí bí ẹni ń wo àlejò tó ṣìlé. Ó ní ara ló ń gbà dé ara, pé kí gbogbo ilé fi oògùn para nírọ̀lẹ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àti ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí ara kò yún, kí a se aṣọ, kí a sá fóòmù àti ẹní sóòrùn, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn funfun kan ni, ó ń ta bí ata. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Màmá ní òun kọ́. "Kúrúnà? Èmi tí mò ń fi kànìnkànìn wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́? Ooru ló ń mú mi. Àrùn ọmọdé nìyẹn." Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá àgbà pé kó bọ́ra kí a fi oògùn pa á lára. Wọ́n wá fi oògùn para lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ké "Yéè, ó ń ta mí!" wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rántí èmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ara wọn rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n padà sínú bẹ́ẹ̀dì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò para, kúrúnà sì tún dé.

Ìgbà náà ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í họra. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni àbí ẹ̀bẹ̀. A jókòó ti oúnjẹ, mo họ apá, mo họ ìhà. Ojú mi le. Ìyàwó mi ní, "Háà, Bàbá Bọ̀dé, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?" Mo ní, "Ó ti dé." Ó ní, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín." Wọ́n ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àtùpà kékeré kan la tàn, kò lè rí ara mi dáadáa. Ó da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa mí lẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Oògùn yẹn ń ta mí bí ata, mo sì ń gbàdúrà kí ẹ̀yìn mi fẹ̀ sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn mi, ó dúró.

"Bàbá Bọ̀dé."

"Mò ń gbọ́."

"Níbo lẹ ti kó o?"

"Kó kí ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní ara ló ń gbà dé ara. Ẹ ò bá wa sùn. Ẹ ò pọn ọmọ. Ara ta lẹ fi kan ara yín?"

Mo ní, "Mò ń ṣeré ni. Ara mi ò yún mi rárá." Ó dé igò oògùn, ó ní, "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Èmi tí mo ti ń parọ́ kiri láti ọjọ́ yìí tí wọ́n ń gbà mí gbọ́, ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ni wọ́n pè é ní irọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òkadà gbé e dé ọ́fíìsì mi, ó gbé oúnjẹ dání, ohun tí kò ṣe rí. Tábìlì obìnrin tó ń tẹ̀wé fún wa ló kọ́kọ́ lọ. Ó kí i, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó yí ọwọ́ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó la ìka rẹ̀ wò bí ẹni ń yan ẹja lọ́jà ní Ẹnuwá. Ọmọlúàbí obìnrin náà kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Bí ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó họ ọrùn. Ẹ̀fọn ni o! Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́! Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti rí ohun tó wá wò. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó gbé oúnjẹ náà padà sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá ní kí n jókòó. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ sápá. Màmá ní, "Bàbá Bọ̀dé, ọmọ mi ní ẹ lọ kó àrùn ìta wálé, ẹ wá kó o ran àwọn ọmọ. Èmi náà, ara mi ń yún mi, mo kàn ń pa á mọ́ra ni." Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ẹni tí wọn kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tí ọmọ ti dáyé ni wọ́n ní ó kó àrùn ràn wọ́n. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àna mi ló wà níwájú mi. Mo bọ́ bùbá, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò dé itan, mo lọ dúró sójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ wò mí. Bọ̀dé, ìwọ náà, wá wò mí."

Bọ̀dé yí mi ká. Ó wo àárín ìka mi, ó wo abẹ́ apá mi. "Mọ́mì, Dádì ò ní kankan o. Ara wọn ń dán."

Ìyàwó mi ní, "Kí wá ni ẹ̀ ń họ?"

Mo ní, "Kí o lè fọwọ́ kàn mí ni."

Níwájú ìyá rẹ̀. Níwájú àwọn ọmọ mi. Fúnmi rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín. Màmá wo ìyàwó mi, ó wo ilẹ̀kùn yàrá, ó wá wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ tó ti fi apá ẹ̀wù bò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ẹni tó ń dá sùn lara ẹ̀ dá. Inú bẹ́ẹ̀dì wa ni nǹkan yìí wà." Ó ká apá ẹ̀wù sókè. Kò síbi tí kúrúnà kò sí. "Ẹ lọ bá mi mú oògùn yẹn wá," ó ní, "kí gbogbo wa jọ fi para."

Báyìí la ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Epo kẹrosíìnì wọ́n gógó nígbà náà, igi la fi dáná lẹ́yìnkùlé. Gbogbo aṣọ ilé, títí kan ọ̀já ìpọnmọ àti fìlà mi, la sè. Fóòmù wà lórí odi, ẹní wà lórí okùn, àwọn aládùúgbò ń bi wá bóyá à ń kó lọ. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi mú ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó fi oògùn pa á lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi pa àwọn ọmọ lára. Àwọn ọmọ fi pa òun náà lára. Nígbà tó kàn mí, nítorí nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ yọ ẹnì kan sílẹ̀, ó gbé igò lé Bọ̀dé lọ́wọ́. "Lọ bá Dádì ẹ fi pa ẹ̀yìn." A tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ara yíyún náà pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ tán, ṣùgbọ́n ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Bí ara ti dá gbogbo wọn, Màmá di ẹrù. Kò bá mi jà. Ó ní, "Bàbá Bọ̀dé, ẹ ṣeun. Mo ti pẹ́ jù." Mo bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹnu lásán ni mo fi bẹ̀ ẹ́, àgbà sì mọ ẹ̀bẹ̀ tó dé inú. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ẹdẹ. Mo gbé ìrọ̀rí mi padà sí yàrá kí eruku mọ́tò náà tó rọlẹ̀. Ìyàwó mi kò bínú sí mi nítorí obìnrin ìta mọ́, ìyẹn ti tán. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ẹ bọ́ra sílẹ̀ níwájú ìyá mi, ẹ sì tú àṣírí kúrúnà wọn lójú àwọn ọmọ. Ìyá mi ò ní bá mi wẹ ọmọ mọ́." Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń pọn Àjọkẹ́ lọ sí Ẹdẹ. Bó bá padà, òórùn ọṣẹ ìyá rẹ̀ á máa ta lára rẹ̀, ẹ̀rín tó rín níbẹ̀ á ṣì kù díẹ̀ lójú rẹ̀, bó bá sì rí mi, á pa á mọ́. Mo ń jowú Sátidé báyìí! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò di àrùn kí ẹ tó sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: kí n lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ẹdẹ, kí n mú ìyá padà wá. Mo ti dé gáréèjì. Mo ti jókòó sínú takisí. Awakọ̀ ń ké, "Ẹdẹ, ó ku ẹnì kan!" Mo wá rò ó pé bí Màmá bá padà, ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, inú ilé á dùn, èmi á sì gbé ìrọ̀rí mi padà sí pálọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ bú mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ó ku ẹni méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní àna rí, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ọkọ ọmọ yín rí, ẹ fi òótọ́ inú gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀rín rẹ̀ ni kí n lọ mú wá, kí n máa gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri, àbí kí n jókòó ti obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?