Èmi Ni Mo Ba Sípíríǹgì Tísà Jẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àlejò kan ń bọ̀ wá sílé wa ní Igbó-Ọrà lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá.

Ilé-ìwé girama kan náà ní Èrúwà ni èmi àti ọkọ mi, Rájí, lọ. Tísà sáyẹ́ǹsì wa ní sípíríǹgì kan ṣoṣo, wáyà wíwé tó ń nà. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ìṣó, wọ́n á so irin mọ́ ọn, àwa á fi rúlà wọn bó ṣe gùn tó. Bí wọ́n bá tú irin, á súnkì padà.

Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé, "Bí ẹrù bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní padà sípò mọ́ o."

Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ mọ ibi tí agbára náà pin sí ni. Nígbà tí àwọn yòókù lọ ṣeré, mo so korobá omi mọ́ ọn. Ó nà. Inú mi dùn! Mo tún bu omi kún un. Nígbà tí mo tú korobá, sípíríǹgì kò súnkì mọ́. Mo fọwọ́ tì í pọ̀ títí, ó tún nà gbọọrọ. Mo gbé e kọ́, mo sá jáde.

Rájí ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà. Bó ṣe so irin kékeré kan mọ́ ọn báyìí ni Tísà wọlé.

"Rájí! Kí lo so mọ́ ọn?"

"Irin yìí nìkan ni, sà."

Wọn ò gbà. Wọ́n ní kó máa ro koríko ẹ̀yìn kíláàsì títí sáà yóò fi parí. Mi ò jẹ́wọ́ pé èmi ni.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wá ń gbé omi àti àkàrà lọ bá a nídìí koríko. A ń rẹ́rìn-ín, a ń tàkúrọ̀sọ, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ìfẹ́.

Tísà yìí ló ń bọ̀ wá kí wa. Ọkọ mi ti ra sípíríǹgì tuntun n'Íbàdàn.

Mo bi í pé, "Bàbá Kúdí, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́?"

Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọwọ́ mi ló le jù."

Mo sá wọ ilé ìdáná, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbínú rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó lè bi mí bóyá ìfẹ́ ni mo fi gbé àkàrà wá ni, tàbí ẹ̀bi. Lóòótọ́, ẹ̀bi ni níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí koríko tán, mo ṣì ń gbé e lọ. Ṣé ẹ rò pé ó máa gbà mí gbọ́?