Àwọn tó yin géèmù yẹn

Nínú takisí kan láti Makepe lọ sí New Bell, àwọn méjì tí mi ò mọ̀ rí ń fi Yorùbá jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lórí géèmù orí fóònù kan tó ń jáde ní abala-abala bí ìtàn orí rédíò.

Èyí àgbà jẹ́ télọ̀, ó gbé orí máṣíìnì lé itan. Ó ní, "Abala kan péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń yìn ín tó báyìí?"

Èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ohun téèyàn bá yàn ló ń darí ìtàn náà. Èmi náà fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún."

"Mo ṣílẹ̀kùn fún ọmọbìnrin inú ẹ̀, ó kú. Mo tún un gbá, mi ò ṣílẹ̀kùn, ó ṣì kú. Kí ni mo wá yàn? Tí mo bá ránṣọ fún èèyàn, màá ní kó gbápá sókè, kó jókòó, kí n tó gbà pé ó bá a mu. Àwọn yẹn kàn wo aṣọ lára hángà ni. Ìwọ ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo gbá a?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọjú sí fèrèsé.

"Mi ò tíì gbá a. Mo rí i pé gbogbo èèyàn ti fún un ní márùn-ún ni."