Amẹ́ríkà Ni Ọ̀rẹ́ Mi Ń Wí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kọ orúkọ mi síbí. Tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì, Ibereko lọ́nà Àgbádárìgì ni mo ń gbé. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo jẹ́rìí èké mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ẹlòmíràn ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹni tó rù ú kú lóṣù tó kọjá, ìyẹn ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Mo ti gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ́, kò jáde.

Ẹ má retí ẹkún níbí. Ẹkún kò wá. Láti ìgbà tí a ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ara mi kàn kú sí mi lára ni. Mo ń jẹun, mo ń lọ síléèwé, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ìyàwó mi ní ṣé ibà ni. Mo ní ó lè jẹ́ ibà.

Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, ìlú le. À ń tò fún ṣúgà, à ń tò fún ọṣẹ. Wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni ń já ewé. Kò síbi tí èèyàn ti lè la ẹnu sọ̀rọ̀, àfi lábẹ́ àtíbàbà Sẹwanu létí omi.

Ègùn ará Topo lódìkejì omi ni Sẹwanu, ẹgbẹ́ mi ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Ó ní rédíò ńlá kan tó ń gbé ìròyìn òkèèrè, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; Ègùn, Yorùbá àti Faransé àwọn ará Kútọnu ló gbọ́. Bí mo bá ti ṣíwọ́ níléèwé ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń túmọ̀ ìròyìn fún un. Ẹnì kẹta wa ni Làmídì, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mowo. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá, nítorí àríyànjiyàn nìkan. Làmídì lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àríyànjiyàn.

Òfin àtíbàbà náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wí pé “Ní Amẹ́ríkà.” Bó bá gbàgbé, òun ni yóò pọn omi kún àmù Sẹwanu lọ́jọ́ náà. Nítorí náà bí Làmídì bá ní, “Ní Amẹ́ríkà, ìyàwó mi tò láti àárọ̀, kò rí mílíìkì rà,” gbogbo wa mọ ìlú tó ń wí. A ó rẹ́rìn-ín, a ó wo ẹ̀yìn wa, a ó tún máa bọ́rọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ti Amẹ́ríkà gan-an pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí, orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Bí a bá ń sọ ti Amẹ́ríkà ní tòótọ́, a kì í wí pé “Ní Amẹ́ríkà.” Kí la fẹ́ fi bò? À ń sọ ọ́ bó ṣe wà ni.

A fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìlú yẹn. A mọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú wọn méjèèjì, a sì pín ara wa sí i bí ẹni pé wọ́n á fún wa ní káàdì ìdìbò. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò wọn tán láìsí pé ilé ẹnì kan jóná máa ń ya Làmídì lẹ́nu. Èyí tó ń ya Sẹwanu lẹ́nu ni àwọn adájọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kò sóhun tí àwọn adájọ́ yẹn lè fi ààrẹ wọn ṣe, nítorí ààrẹ ló ń yàn wọ́n. Mo ní ẹni tó gbé ọ gun àga, o kò lè dá a lẹ́bi. Sẹwanu ní irọ́ ni. Ó ní bí wọ́n bá ti yan adájọ́ àgbà níbẹ̀, títí ikú ni, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rù ẹni tó yàn án. Ó ní bí ọba àwọn ni: àwọn afọbajẹ lè fi ọ́ jẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ti jẹ tán, àwọn náà á máa kúnlẹ̀ kí ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba níléèwé. Ìwé mẹ́rin ni Sẹwanu kà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn dé pé ilé ẹjọ́ gíga Amẹ́ríkà ti fagi lé òfin kan tí ààrẹ wọn fọwọ́ sí. Ẹnu èmi yìí ni mo fi túmọ̀ rẹ̀. Mi ò lè fo ìlà kankan, nítorí Làmídì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó parí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà létí omi dá sí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọn á dìde dúró, wọn á ní Adájọ́ Àgbà ń bọ̀. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi gan-an.

Bíi ọjọ́ kẹrin sí i, mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, bóyá n ó rí ọ̀nà yọ. Mo bi Sẹwanu pé bí adájọ́ bá wí tí ààrẹ kò gbà ńkọ́? Sẹwanu kò gbójú sókè nídìí ohun tó ń tú. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ lórí àga, kí wọ́n tì í mọ́lé, èèyàn ni òun náà. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò kọ́kọ́ pe Amẹ́ríkà, nítorí Amẹ́ríkà gan-an ló ń wí.

Lásìkò náà, ìjọba ti ti bodè, àwọn sójà máa ń wá yẹ ọkọ̀ ojú omi wò nítorí fàyàwọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti dúró sẹ́yìn ọ̀gọ̀mọ̀ tí Sẹwanu fi ṣe ògiri. Ó gbọ́ Yorùbá. Wọ́n kó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ó fún mi ní àga. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé tíṣà ni mí, pé èmi ni mò ń túmọ̀ ìròyìn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé ni òun fẹ́ gbọ́. Ó ka ohun tí Sẹwanu sọ sí mi létí láti inú ìwé. Ó pé, kò ṣì í.

Ó ní, “Tíṣà, ìjọba ibí ló ń wí, àbí ti Amẹ́ríkà?”

Orúkọ àwọn tíṣà tí wọ́n máa dá dúró ni mo kọ́kọ́ rò, nítorí wọn kò tíì ka ti agbègbè wa jáde. Lẹ́yìn náà ni mo rí Làmídì lọ́kàn mi, bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìròyìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mo lè kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rù nìkan ni. Bí ọmọ iléèwé bá kọ bẹ́ẹ̀, n ó fún un ní máàkì ìdajì.

Mo ní, “Ibí ni, sà.”

Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Mo fọwọ́ sí i.

Làmídì ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nítorí òun ló ń ránṣọ fún ìyàwó sójà kan, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi èmi sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé Sẹwanu lọ sí Èkó. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò níbẹ̀. Kò dé iwájú adájọ́ kankan.

Àwọn ará etí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó ta á. Wọ́n rí i pé Làmídì ló kọ́kọ́ dé, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń ránṣọ fún ilé sójà. Wọ́n wá bi mí. Mo ní, “Ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi.” Gbólóhùn kan péré. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu àgbà.

Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún Làmídì mọ́ létí omi. Wọn kì í dá a lóhùn bó bá kí wọn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sílé mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní òun sọ fún ọ̀gá yẹn pé Amẹ́ríkà ni Sẹwanu ń wí, òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́, Tíṣà?” Mo ní Amẹ́ríkà ni èmi náà sọ. Ó ní ó dáa. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tún wá mọ́, n kò sì gbọ́ pé ó dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí Sẹwanu dé, etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ta àwọn irinṣẹ́. Ó padà sí Topo, ó ń fi àwọ̀n pẹja, kò sì ra rédíò mọ́. Wọ́n sọ fún un pé Làmídì ni, ó gbà. Odindi ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò kí ara wọn. Ní tèmi, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin títí ó fi yege ìdánwò. Gbogbo ọdún Kérésì ló ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi. Mo ń jẹ ẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń lé e. Àwọn ológun ṣì wà lórí àga. Àwọn kan lọ, àwọn kan dé.

Lóṣù tó kọjá, Làmídì kú. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sìkírá, wá bá mi pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ bàbá àwọn àtijọ́ tí àwọn mọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn bẹ Sẹwanu kó dárí ji bàbá àwọn kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Mo ní ṣé bàbá wọn jẹ́wọ́ ni. Sìkírá ní rárá o, pé títí dé ojú ikú ló ń wí pé Amẹ́ríkà ni òun sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Àwa náà mọ̀ pé bàbá wa ló ṣe é, sà.”

Mo wọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo. Sẹwanu ń tún àwọ̀n ṣe. Mo jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ kó lè gbọ́ mi, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó ní, “Sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé mo ti fi jì í. Kí Máwù Ọlọ́run náà fi jì í.” Ó fa okùn díẹ̀. Ó tún ní, “Kí ló tiẹ̀ ṣe é, Tíṣà? Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà lásán.”

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Mo la ẹnu.

Mo ní, “Ẹ̀rù ló bà á.”

Ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni, ẹ̀rù ba gbogbo wa.

Mo jíṣẹ́ náà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ní Mowo, lójú àlùfáà àti gbogbo àwọn tó wá. Àwọn ènìyàn ní àlùbáríkà. Ọmọkùnrin Làmídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Sìkírá kúnlẹ̀, ó ní mo ti bo àwọn láṣìírí. Mo ní kí wọ́n dìde. Mo bu ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi jẹ, n kò mọ̀ bóyá ó dùn.

Mo lérò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sìkírá tún wá. Òun nìkan ló wá. Ó ní nígbà tí bàbá òun ń ṣàìsàn, òun lòun ń tọ́jú rẹ̀, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé Amẹ́ríkà ni òun sọ, òun máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má purọ́ lọ bá Ọlọ́run. Ó ní ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kó kú, bàbá òun dákẹ́, kò wí i mọ́. Ó fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ mi, gẹ́gẹ́ bí àgbà, bóyá ohun tí òun ṣe fún bàbá òun dára.

Mo ní ó dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹ kàn gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún ọmọ yìí, n ó dá orúkọ bàbá rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n n ó fi ohun tó ṣe sí bàbá náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí n kò bá sọ ọ́, Làmídì á máa jẹ́ òpùrọ́ lọ nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí ni kí n wí fún un?