Ojú Mi Wú, Wọ́n Ní Mo Ń Gbádùn

Ẹ bá mi wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Ó kún, ó ń dán, ó wú bíi búrẹ́dì. Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Festac níbí ló ń sọ pé ìfẹ̀yìntì bá mi lára mu. Òmùgọ̀ pọ̀ láyé. Àìsàn ni wọ́n ń kí kú oríire, èmi tí mo sì ń dáhùn pé "Ọlọ́run ṣeun" ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àjà kẹta ni mò ń gbé, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí àtẹ̀gùn yẹn ti ń fìyà jẹ mí. Dókítà ọsibítù ìjọba ní kí n máa ṣe eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀, kí n sì dín oúnjẹ kù. Mo pòṣé. Ṣé èmi àgbàlagbà ni màá máa na ẹsẹ̀ sókè sódò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan lọ ní Kuje tó wà lẹ́bàá Festac níbí, kì í ṣe ti Àbújá, tó ń wọ kóòtù funfun tí kò mọ ọṣẹ, tó ń pe ara ẹ̀ ní dókítà egungun. Ó di kápúsù sínú ọ̀rá fún mi, ó ní ewé àti egbò lásán ni wọ́n lọ̀ sínú ẹ̀. Kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí nǹkan kan. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí mo máa ń dá fáìlì padà tí wọn ò bá buwọ́ lù ú, mo bu omi, mo gbé e mì.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìrora fi lọ. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú pẹpẹ, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń pariwo halelúyà. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, Màmá Délé ti fà mí láṣọ. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ṣiṣẹ́ rí ni, Raji Rasaki Estate ló ń gbé. Èjìká ló ń dùn ún, ó sì ti pẹ́ tó ti ní àtọ̀gbẹ. Mo mú un lọ sí Kuje fúnra mi.

Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀. Ojú mi wú, ikùn yọ, tí mo bá fara gbá tábìlì lásán, ibẹ̀ á dúdú. Mo padà lọ bá aláṣọ funfun, ó ní wíwú yẹn gan-an ni àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìlójútì. Mo kó ìyókù kápúsù, mo wọ́ lọ sí ọsibítù. Dókítà tí mo pòṣé sí yẹn náà ló yẹ̀ mí wò. Ó ní oògùn òyìnbó líle kan, sitẹ́rọ́ìdì, ni wọ́n pò mọ́ ewé, ó sì ti gbé ṣúgà mi sókè. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, òun ló máa bá mi dín in kù. Ó wá wò mí lójú: "Mà, ṣé ẹ júwe ẹ̀ fún ẹlòmíràn? Tẹ́ni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń lò ó, ó lè ṣekú pa á."

Mo ní rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ṣé ẹnu tí mo fi jẹ́rìí ni màá tún fi sọ pé gbájúẹ̀ kan ló fi mí ṣe ẹran? Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn sí i tán, mo fi ẹní bò ó lójú.

Lánàá, Màmá Délé gun àtẹ̀gùn wá kí mi. Ó mu omi ife mẹ́ta tẹ̀ léra. Ó ní, "Àbúrò mi, wò mí dáadáa. Ṣé èmi náà ò ti máa dán bíi tìẹ?" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ń kún lóòótọ́. Mo ní, "Ẹ ti rẹwà sí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kórìíra jù, ó ju aláṣọ funfun lọ. Ẹ má fún mi nímọ̀ràn nípa orúnkún, kò sí nínú ohun tí mò ń béèrè. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ti fa nọ́ńbà Màmá Délé jáde. Ẹ ṣáà sọ gbólóhùn tí màá fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, ẹ ṣe kíá, torí ó máa tó lo kápúsù ti àárọ̀ yìí.