Ọjọ́ Tí Ògúngbèmí Kí Àna Rẹ̀ Lórí Pápá

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì dí láàárín ìlú àwa Òkè-Àgbọn àti ìlú Ìsàlẹ̀-Odò, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ àtàrí, òjò àárọ̀ ti dá, ẹrẹ̀ kún pápá míṣọ̀n, tọmọdé tàgbà ìlú méjèèjì sì ti pé síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn kò ní gbọ́ ibi tó dùn.

Fadá òyìnbó kan wà nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Ayalándì, Fadá Kónọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló mú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ baba tirẹ̀ wá. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ̀yin ń gbá yìí o! Bọ́ọ̀lù tọwọ́tẹsẹ̀ ni. O lè fi ọwọ́ gbé e, o lè fi ẹsẹ̀ ta á, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gbé e rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láìfi lu ilẹ̀. Wọ́n ri ọparun méjì mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìkẹta dábùú wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba òkè ìdábùú kọjá, àmì kan. Bó bá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, àmì mẹ́ta. Ṣé ó yé yín? Ó dáa.

Nínú gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn, kò sí ẹni tó dà bí Ògúngbèmí, baba ńlá wa. Adẹ́mu ni. Láti kékeré ló ti ń gun ọ̀pẹ. Apá rẹ̀ gùn, itan rẹ̀ le bí odó. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sókè, tí ogún ọwọ́ nà sí i, ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Àwọn èèyàn a máa pariwo pé, "Gbà á lókè! Gbà á lókè!" Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo yín ń jẹ́ ti wá, Gbàálókè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́fà ni Ìsàlẹ̀-Odò ti fi ń na Òkè-Àgbọn. Ọdún mẹ́fà gbáko! Bí obìnrin ìlú wa bá lọ pọnmi lódò wọn, wọ́n á ní, "Ẹ pọn ún kó kún o, kí ẹ fi bọ́jú ọkọ yín tó ń sunkún."

Ní ọdún keje yìí, ìyọnu Ògúngbèmí yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń fẹ́ Ojúọlápé, ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò. Baba ọmọbìnrin náà ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Arówójolú ló dúró bíi baba fún un. Arówójolú yìí kan náà sì ni olórí agbábọ́ọ̀lù Ìsàlẹ̀-Odò. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ!

Fadá fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù lọ sókè, Ògúngbèmí fò, ó gbà á. Bó ti fẹ́ sáré báyìí, Arówójolú dúró síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ìjòyè, ó ní:

"Àna mi, ṣé o ò rí mi ni?"

Háà! Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ta ni yóò rí àna tí kò ní dọ̀bálẹ̀? Ògúngbèmí gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá."

"Dìde, wàá bímọ," ni Arówójolú wí. Kó tó dìde, àwọn èèyàn Arówójolú ti gbé bọ́ọ̀lù sá lọ. Àmì mẹ́ta!

Ó tún gbà á, àna tún pè é, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ni. Fadá kò mọ àṣà wa, ó rò pé òòyì ló ń kọ́ ọkùnrin náà, ó sáré gbé omi wọ pápá.

"Kí ló ń ṣe é? Irú àìsàn wo nìyí?"

"Fadá, àìsàn ìyàwó ni!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n sinmi díẹ̀, àwọn ará ìlú wa yí Ògúngbèmí ká bí ẹni tó jalè. Wọ́n ní, "Tó o bá tún dọ̀bálẹ̀, kó o kúkú bá wọn sùn lọ́hùn-ún!" Ojúọlápé pàápàá yọ́ wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kó gbogbo iṣu ìdána yín sẹ́nu ọ̀nà," ó wí. "Wọ́n ní bí ẹ bá kọ̀ láti kí àwọn lẹ́ẹ̀kan péré lójú èèyàn, kí ẹ wá gbé iṣu yín."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Èmi? Mi ò fẹ́ ọkọ tí kò mọ àna. Mi ò sì fẹ́ èyí tí wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lódò. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Ó yí padà, ó lọ.

Ẹ ò rí i! Bó ṣe èyí, ìlú gbé e jù. Bó ṣe ìyẹn, ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ògúngbèmí ń wo ọ̀pẹ kan létí pápá. Gbogbo adẹ́mu ló mọ bí akèrègbè ṣe ń pẹ́ tó lójú ọ̀run bó bá já lókè ọ̀pẹ. Èèyàn á ti ké pé "Ẹ yàgò o!" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n padà sórí pápá. Wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, àwọn tiwa ń gba àmì kọ̀ọ̀kan padà, ó ku díẹ̀ kí Fadá fọn fèrè ìkẹyìn, Ìsàlẹ̀-Odò sì fi àmì méjì péré ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Ògúngbèmí, kò jìnnà sí ọparun. Arówójolú tún yọ, ọwọ́ wà lẹ́yìn, ẹ̀rín wà lẹ́nu.

"Àna mi!"

Ẹ gbọ́ o! Ògúngbèmí kò gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta á sókè gan-an, sókè, sókè, ó ga ju ọ̀pẹ lọ! Gbogbo ojú tẹ̀ lé e. Òun sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀, bí ẹni pé ayé kò kánjú.

"Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá! Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Kí ni Arówójolú fẹ́ ṣe? Ṣé yóò fo ẹni tó ń kí i kọjá ni? Àṣà tó fi de Ògúngbèmí ti de òun náà! Ẹnu rẹ̀ là, ó ní, "Dì-dìde, wàá bímọ..."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ògúngbèmí ti fò dìde. "Gbà á lókè!" Ìlú mì. Ó fò, ó gbà á lójú ọ̀run, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ nílẹ̀ tó fi ta á gba abẹ́ ìdábùú wọlé. Àmì mẹ́ta! Fèrè dún! Àwọn ìyá wa bọ́ gèlè, wọ́n ń jù ú sókè!

Àwọn èèyàn Ìsàlẹ̀-Odò fẹ́ fà á di ìjà. Arówójolú gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé ó dọ̀bálẹ̀, àbí kò dọ̀bálẹ̀?"

"Ó dọ̀bálẹ̀."

"Ẹ kó iṣu yẹn padà sínú ilé." Bó ṣe fún un ní Ojúọlápé nìyẹn, tó fi bí àwọn baba ńlá yín.

Ògúngbèmí gbó, ó tọ́. Ikú kò kúkú mọ akọni. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó mú un lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò gun òkè wá, wọ́n ń ké pé, "Gbà á lókè!" Arówójolú ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, kò ga ju òrùlé lọ. Lẹ́yìn náà, òun tó jẹ́ àna àgbà, ó nà gbalaja lẹ́bàá ibojì ọkọ àbúrò rẹ̀. Kò sí ẹni tó nawọ́ sí bọ́ọ̀lù náà. Ó balẹ̀, ó yí díẹ̀, ó dúró.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ọkùnrin ilé Gbàálókè bá kú, àwọn àna rẹ̀ ni í ta bọ́ọ̀lù sókè lójú ibojì, a kì í sì í gbà á. A máa ń jẹ́ kó balẹ̀ fúnra rẹ̀.

Arówójolú dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, ó sì lọ jókòó ti Ojúọlápé lórí ẹní.