Ògbufọ̀ Tí Kò Dúró Gbọ́ Èsì

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, tí orúnkún mi kò tíì máa bá mi jiyàn, ọkọ̀ eléńjìnnì kò pọ̀ lórí omi wa báyìí. Àjẹ̀ ni. Àjẹ̀ àti agbára apá. Mojísọ́lá, ṣé fóònù tí o gbé síwájú mi yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó ti ń gbà á? Ó dáa. Sún un mọ́ mi díẹ̀, atẹ́gùn òkun pọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó.

Ọmọ ọmọ mi yìí ló bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin àti bàbá àgbà ṣẹ̀dá èdè kan fún kọ̀ǹpútà, níbí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ?" Lóòótọ́ ni. Mo kàwé, n kò ní fi í pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, nítorí orí omi ni àṣìṣe wa ti wá.

Ẹ gbọ́. Àwọn odò tóóró tó lọ sí Mahintedo, wọ́n ní ibi tí omi ti ń ṣẹ́ kọ́nà. Ìgbọ̀nwọ́ odò là ń pè é. Igi ògùrọ̀ á dí ibẹ̀, o kò ní rí ẹni tó ń bọ̀. Kí là ń ṣe nígbà náà? Ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ á ké: "Mo ń bọ̀ o!" Tí ẹnìkan bá ń bọ̀ lódìkejì, á dáhùn: "Dúró ná!" Ìwọ á fi àjẹ̀ di omi mú, òun á kọjá, ẹ ó kí ara yín, ìwọ náà á kọjá. Tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ńkọ́? Ọ̀nà ṣófo nìyẹn. Máa lọ. Bàbá mi a máa wí pé, "Fúnmiláyọ̀, ọkọ̀ wa kò ní fèrè. Ẹnu rẹ ni fèrè rẹ. Ké. Tí o kò bá gbọ́ nǹkan kan, nǹkan kan kò sí níbẹ̀." Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàbá mi yẹn sọ́kàn.

Mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, mo kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ènìyàn rò pé Èkó ni n ó jókòó sí. Èmi kọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá ń wọn omi ní agbègbè wa nígbà náà, bí omi ṣe ń kún, bí ó ṣe ń fà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti gbẹ́ odò fún ọkọ̀ ńlá. Wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sí Igbokoda, lẹ́bàá èbúté, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá kan síbẹ̀. Yúnìsì ni orúkọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, irú Yúnìsì tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe fúnra wọn, tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ mọ́ gbogbo ayé. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kò lè mọ bí ìyẹn ṣe rí. Lónìí, Mojísọ́lá á jókòó sórí ẹní, á ṣí inú ètò tó bá wù ú, á máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà wá sílé, wọn kò fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Tí nǹkan bá rú wa lójú, a ó kọ̀wé sí òkè òkun, a ó máa retí…

Yàrá ẹ̀rọ yẹn tutù! Jẹnẹrétọ̀ kan kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa fún un ní òtútù lọ. Àwọn ẹlẹ́ja èbúté a máa bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́, ká bá àwọn gbé ẹja síbẹ̀ di àárọ̀.

Àwa méjì là ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Èmi, àti Ràímì. Ẹ̀yin ń pè é ní bàbá àgbà, ṣùgbọ́n Ràímì ni nígbà náà. Ọmọ Mahintedo ni, ìdílé Mùsùlùmí tó ń pẹja tó sì ń ta àwọ̀n. Èmi, ọmọ onígbàgbọ́ láti Zion Pepe, ìlú wa létí òkun. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ Zion, ṣé wọ́n kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà ní yunifásítì, àbí ìwé nìkan?"

Mo ní, "Wọ́n kọ́ mi ní ìwà. Ọjọ́ yẹn ni ìwọ kò wá sí kíláàsì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn… Ẹ bu omi fún mi.

Ẹ ṣeun. Ohun tó ń dààmú wa ni pé àwọn tó ń wọn omi ló mọ ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè bi í. Àwa méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá bá, wọn a tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ rí dókítà. Ni Ràímì bá bi mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Fúnmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá bá ń wàásù, ta ló ń dúró tì í?"

Mo ní, "Ògbufọ̀."

Ó ní, "Ká kọ́ ògbufọ̀ fún ẹ̀rọ yìí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ètò kan ni ògbufọ̀ wa. Ìwọ á kọ ohun tí o fẹ́ ní ìlà ní ìlà, ní ọ̀rọ̀ ilé wa: kà, pín, pè, sọ. Ògbufọ̀ á ka ìlà kan, á jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é, á tún bọ́ sí ìlà tó kàn. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́ lè rán ẹ̀rọ náà níṣẹ́. A kọ́ ọ pẹ̀lú ìfẹ́. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò.

Ọ̀gá wa ròyìn rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà ní Èkó. Wọ́n ní Ẹnjiníà àgbà ń bọ̀ wá wò ó. Tí ògbufọ̀ bá ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì Igbokoda dúró. Tí kò bá ṣiṣẹ́, wọn yóò kó ẹ̀rọ lọ sí Èkó pẹ̀lú èmi, wọn yóò sì gbé Ràímì lọ sí Kàlàbá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èkó kò bà mí lẹ́rù. Kàlàbá ló bà mí lẹ́rù. A kò tíì sọ nǹkan kan fún ara wa, èmi àti òun. Tí ó bá sì lọ sí Kàlàbá, ta ni yóò sọ ọ́?

Ògbufọ̀ náà dára nínú iṣẹ́ kékeré. Ibi ọ̀rọ̀ yẹn, "pè", ni wàhálà wà. "Pè" ni ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ fi ń rán ètò mìíràn nínú ẹ̀rọ níṣẹ́, bí ẹni ké sí aládùúgbò. Tí a bá ti lò ó, ìdáhùn á dàrú. A ó rí ìwọ̀n omi kíkún níbi tó yẹ ká rí ti omi fífà. Iṣẹ́ kan náà, ó lè tọ̀nà láàárọ̀ kó dàrú lọ́sàn-án. Ràímì ní ẹ̀rọ ló ní àléébù. A kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Wọ́n fèsì pé ẹ̀rọ àwọn kò ní àléébù, inú rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí oníbàárà ń wò. Ràímì ti ìwé náà kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ta ọkọ̀ fún wa, ó ń jò, wọ́n ní ká má wo ìdí rẹ̀."

Ọjọ́ Ẹnjiníà ń sún mọ́lé. Ojú wa ti pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Ràímì ní kí n jẹ́ ká lọ jẹ púpurú nílé ìyá òun, bóyá orí wa á fúyẹ́. Ó ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn, èmi wà níwájú. A dé ìgbọ̀nwọ́ odò. Mo ké: "Mo ń bọ̀ o!" Kò sí ìdáhùn. Ràímì ti àjẹ̀ bọ omi, a wọlé…

Gbàgà! Imú ọkọ̀ wa gbá ọkọ̀ kan tó kún fún igi ìdáná. Ìyá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó fi eyín di okùn mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi tó fẹ́ wó. Ó tu okùn jáde lẹ́nu.

"Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Mámà. Mo ké o. Ẹ kò dáhùn."

"Mo gbọ́! Okùn wà lẹ́nu mi, igi wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n fi imú dáhùn ni? Ṣé ẹni tí kò dáhùn ti kú ni?"

Ràímì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá yíjú sí i. "Ìwọ gíga bí òpó yìí, èmi lo ń fi ṣe ẹ̀rín? Bọ́ sómi, kó igi mi."

Ó bọ́ sómi. Ó ń kó igi. Èmi jókòó, ọ̀rọ̀ ìyá náà ń dún létí mi. Ṣé ẹni tí kò dáhùn ti kú ni? Mo pariwo, "Ràímì! Jáde nínú omi!"

Ó ní, "Igi ṣì kù."

"Fi igi sílẹ̀!"

Ìyá ní, "Ta ló ní kó fi igi mi sílẹ̀?"

Ó kó igi náà tán o. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé fún un. Nígbà tí ògbufọ̀ wa bá pe ètò mìíràn, a ti kọ́ ọ pé kó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kó bi í pé, "Ṣé o ti parí?" Tí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kí ló ń ṣe? Ó gbà pé ọ̀nà ṣófo. Ó bọ́ sí ìlà tó kàn, nígbà tí ètò kejì ṣì fi eyín di okùn mú. Bí a ṣe kọ́ àwa náà lórí omi láti kékeré ni a ṣe kọ́ ọ. Ẹni tí kò dàgbà sórí odò wa, n kò rò pé ó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Nínú ẹ̀rọ, ìdákẹ́jẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ̀ dí.

A yí ọkọ̀ padà sí Igbokoda. Púpurú ìyá rẹ̀ tutù dúró dè wá, ìyá ọkọ mi sì ń bá mi sọ ọ́ títí tó fi jáde láyé. A fi ọ̀rọ̀ tuntun kan kún èdè wa: dúró. Pè é. Dúró dè é. Tó bá dáhùn, kó o tó máa lọ. Aṣọ Ràímì ṣì ń kán sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. A dán an wò, a tún dán an wò. Omi kíkún dúró sí àyè tirẹ̀, omi fífà dúró sí tirẹ̀.

Ẹnjiníà dé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọn omi ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìbéèrè rẹ̀. Ìdáhùn jáde, ó tọ̀nà. Ẹnjiníà tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Èdè wo lèyí?"

Ràímì ní, "Èdè ilé wa ni, sà."

Ọ́fíìsì dúró. Nígbà tí àlejò lọ tán, tó ku àwa méjì nínú òtútù yẹn, Ràímì kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Fúnmi, ó pẹ́ tí mo ti ń ké sí ọ. O kò dáhùn."

Mo ní, "Okùn ló wà lẹ́nu mi."

…Ẹ má wo ojú mi. Atẹ́gùn ni.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà parí iṣẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ ńlá ní èbúté, wọ́n gbé e lọ. Ògbufọ̀ wa bá a lọ. Kò lè gbé inú ẹ̀rọ mìíràn, inú ìyẹn nìkan la kọ́ ọ mọ́. Ràímì ṣí fìlà, ó ju ọwọ́ sí i bí ẹni ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sójú ogun. Àwa náà lọ sí Èkó, a ṣiṣẹ́, a gbayì, a darúgbó, a sì padà wálé. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ kàn lẹ́yìn náà, ó yára ju tiwa lọ. Kò sí ọ̀kan tó gbọ́ èdè ilé mi. Òkun ti gba ibi tí ilé bàbá mi wà. Bàbá àgbà yín náà ti lọ sinmi ní Mahintedo.

Mojísọ́lá ní òun lè tún ògbufọ̀ náà kọ́ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kọ́ ọ, ọmọ mi. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n "dúró" ni kó o kọ́kọ́ fi sí i. Ayé yín ti yá jù. Ẹ̀yin á pe ènìyàn, ẹ ò ní gbọ́ èsì, ẹ ti kọjá lọ. Àwọn ọkọ̀ yín kì í ké ní ìgbọ̀nwọ́ odò mọ́, ẹ́ńjìnnì ń bú, ta ni yóò gbọ́ ta ni?

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n ń gbé mi lọ sí Mahintedo. A dé ìgbọ̀nwọ́ odò yẹn. Mo ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó pa á. Mo ké: "Mo ń bọ̀ o!" Omi dákẹ́. Ewé ògùrọ̀ nìkan ló ń mì.

Awakọ̀ ní, "Mámà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bí bàbá mi ìbá ṣe wí náà nìyẹn. Mo wo ọmọ náà. Mo ní, "Ṣé ẹni tí kò dáhùn ti kú ni?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó bá mi jókòó, a jọ ń wo omi.

Ràímì gbọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló dí.